Ohun Tó Yẹni Ló Yẹni: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Wíwọn Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Mọ́ Ẹni tí Yóò Gbá A

Nígbà tí àwọn baba wa sọ pé ohun tó yẹni ló yẹni, pé okùn ọrùn kò yẹ adìẹ, kò sí ẹni tí ó ti tẹ pápá gọ́ọ̀fù nínú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo àríyànjiyàn tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ti ń ṣe lórí ọ̀pá tí a wọ̀n mọ́ ẹni jọ, tí a sì tú u palẹ̀ fínnífínní, orí òwe yìí kan náà ni a óò ti bá ara wa. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti bi: ṣé ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ rọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò rí sójú rí lè bá apá, ẹsẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìwà ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo mu, àbí ó di dandan kí onítọ̀hún lọ dúró níwájú oníwọ̀n, kí a wo bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kí a sì tún ọ̀pá náà ṣe mọ́ ọn? Ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn, nítorí pé àwọn tí ń tajà ti bu omi la òótọ́ inú rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ti náwó láìrí èrè ti fi ìbínú kéde pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kéré ju bí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ òǹrajà kì í wò ni ó sì wà.

Kí ẹni tí kò mọ eré náà má bàa ṣìnà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀pá náà ti rí. Orí ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó ní ojú tí ń kan bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí ń kan koríko. Ṣáàfù ni ohun tín-ín-rín gígùn tí ó ti ara orí náà jáde wá sókè. Ibi ìdìmú, tí wọ́n fi rọ́bà bò, sì wà lókè pátápátá. Òfin kò gbà kí ènìyàn gbé ju ọ̀pá 14 lọ sórí pápá, láti orí dráífà, abara-gígùn, aborí-gbàǹgbà, akọ́wọ̀jà tí a fi ń ṣí eré nígbà tí ihò tí bọ́ọ̀lù yóò wọ̀ bá jìnnà réré, títí dé orí pọ́tà, arìn-jẹ́jẹ́ tí ń ti bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí ariwo bá ti tán. Bí olúkúlùkù ti ń gbé ọ̀pá sókè, tí ó ń yí ìbàdí, tí ó sì ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀ lu bọ́ọ̀lù ni mo ń pè ní ọwọ́ ìgbá. Kò sí ẹni méjì tí tiwọn dọ́gba délẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àṣà òde òní ni wíwọn ọ̀pá mọ́ ẹni kò tíì gbọ́ ìtàn eré náà. Ní ọdún 1457 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọba James Kejì ní Skọ́tíláǹdì pàṣẹ pé kí a pa gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tì, nítorí pé wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ ọfà títa tí ìlú fi ń gbára dì de ogun. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Ọba James Kẹrin, tún òfin yìí kan náà ṣe ní 1491, síbẹ̀ ní 1502 àkọsílẹ̀ ìnáwó ààfin fi hàn pé ọba yìí fúnra rẹ̀ ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ẹni tí ń gbẹ́ ọrun ní ìlú Perth. (Bí ọba ti ń jẹ èèwọ̀ tí ó fẹnu ara rẹ̀ kà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ohun tí ó kàn wá ni ilé ẹni tí ọba gbà lọ. Ẹni tí ń gbẹ́ ọrun mọ̀ pé èyí tí ó bá le ju apá ọlọ́fà lọ kò ní ṣe é fà, èyí tí ó bá sì rọ̀ jù kò ní ta ọfà jìnnà. Irú oníṣọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀bẹ kan igi láì kọ́kọ́ wo gígùn apá àti ipá èjìká ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún nǹkan bí irinwó ọdún. Ní St Andrews ní Skọ́tíláǹdì, tí a lè pè ní Ilé-Ifẹ̀ àwọn agbágọ́ọ̀fù, àwọn agbẹ́pàá bí Hugh Philp, àti lẹ́yìn rẹ̀ Tom Morris Àgbà tí ó kú ní 1908, mọ ojú àwọn oníbàárà wọn, wọ́n sì mọ ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ihò tí ó kẹ́yìn ni ìsọ̀ Morris wà, kò sì sí ẹni tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ kan kí ọkùnrin náà má rí i bí ó bá gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́. Híkọ̀rì, igi líle tí ń tẹ̀ láìṣẹ́, tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń ṣe ṣáàfù nígbà náà. Nítorí pé igi méjì kì í jọra, ńṣe ni agbẹ́pàá ń fá a díẹ̀díẹ̀, tí yóò gbé e fún oníbàárà kí ó jù ú wò, tí yóò tún gbà á padà fá, títí ẹni tí ó ni ín yóò fi sọ pé ó tó. Wọn kò ní ẹ̀rọ kankan, wọn kò sì kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n.

Irin ni ó fọ́ àjọṣe yìí. Amẹ́ríkà ti fàyè gba ṣáàfù onírin ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí àwọn aláṣẹ R&A tí ó wà ní St Andrews tó fara mọ́ ọn ní 1929, láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ńlá sì ti lè ṣe ọgọ́rùn-ún ṣáàfù tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé Bobby Jones, ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ mẹ́rin tí ó ga jù ní ayé nígbà náà nínú ọdún kan ṣoṣo, 1930, pẹ̀lú ọ̀pá onígi tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ilé iṣẹ́ Spalding fi orúkọ rẹ̀ sára ọ̀pá oníṣáàfù irin tí wọ́n tò ní nọ́ńbà, láti èyí tí ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà dé èyí tí ń gbá a nítòsí, tí wọ́n sì ń tà lódindi àpò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́, ìbáà ga, ìbáà kúrú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jèrè níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ọ̀pá dín lówó, kò ṣẹ́ mọ́, nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 6 sì tẹ̀ lé ara wọn létòlétò. Ohun tí wọ́n pàdánù ni ojú agbẹ́pàá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi òǹrajà ní gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù: ọkùnrin ni tàbí obìnrin?

Àwọn tí wọ́n mọ eré náà dénú egungun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ben Hogan, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìlú Dublin ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹni tí Yorùbá ì bá kí ní ọmọ Ògún onírin, ọmọ ẹwìrì tí ń fẹ́ná lójúmọmọ, ni àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù lọ. Àrùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nídìí eré ní ìgbà èwe rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa yà sósì lójijì, bí ìgbà tí nǹkan fà á. Kí ó tó ṣẹ́gun rẹ̀, ó yí ọwọ́ ìgbá rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ó jẹ́ kí ìdúró wọn rẹlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ó jẹ́ kí ojú wọn ṣí sọ́tùn-ún díẹ̀, ó lo ṣáàfù tí ó le koránkorán, ó sì mú kí wọ́n gbé okùn kan sábẹ́ ibi ìdìmú kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè máa bá ibi kan náà nígbà gbogbo. Bí ẹlòmíràn bá yá ọ̀pá bẹ́ẹ̀, inú igbó apá ọ̀tún ni yóò máa wá bọ́ọ̀lù kiri. Ẹ wo ohun tí èyí ń kọ́ wa, tí àwọn tí ń polówó ọ̀pá kì í sọ: ọ̀pá tí a wọ̀n mọ́ ẹni kì í fi ìgbà gbogbo ṣe ìfẹ́ ọwọ́ ẹni, nígbà mìíràn ìjánu ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Ní oṣù kejì ọdún 1949 ni bọ́ọ̀sì kọlu ọkọ̀ Hogan tí egungun rẹ̀ sì fọ́. Ní 1950, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi aṣọ dì, ó gba ife ẹ̀yẹ US Open ní pápá Merion, ọ̀pá onírin nọ́ńbà 1, irú èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ni ó sì fi gbá bọ́ọ̀lù dé orí koríko ihò tí ó kẹ́yìn nígbà tí ohun gbogbo ti fẹ́ bọ́. Ọ̀pá náà pòórá níbẹ̀. Ìgbà tí ó di 1983 ni ó tún fara hàn láàrin ọ̀pá àlòkù, ohun tí ó sì jẹ́rìí sí i ni àmì kan ṣoṣo lójú rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù ti jẹ irin wọlé, tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ kékeré lọ. Ọkùnrin náà ti fi ọ̀pá yìí gbá bọ́ọ̀lù láìmọye ìgbà, ojú kan náà ni ó sì ń bà. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé títí di òní olónìí, ohun àkọ́kọ́ tí oníwọ̀n tí ó mọṣẹ́ ń ṣe, kí ó tó tan ẹ̀rọ kankan, ni kí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ kí ó wo ibi tí ojú rẹ̀ ti jẹ.

Ẹni tí ó dá wíwọ̀n padà fún mẹ̀kúnnù ni Karsten Solheim, tí wọ́n bí ní Nọ́wè ní 1911, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé dé Amẹ́ríkà ní kékeré. Iṣẹ́ bàtà ni baba rẹ̀ ń ṣe, òun náà sì bá a ṣe é kí ó tó di ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ General Electric. Èmi kò sì lè gbà pé lásán ni ẹni tí ó ti wọn ẹsẹ̀ ènìyàn rí fi di ẹni tí ń béèrè ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń lo ọ̀pá kan náà. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún kí ó tó gbá gọ́ọ̀fù. Pọ́tà rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá ṣe tirẹ̀ nínú ilé ọkọ̀ rẹ̀ ní 1959, ìró tí ó ń dún nígbà tí ó bá kan bọ́ọ̀lù ni ó sì sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní PING. Nígbà tí ó yá, ó kó ìwúwo irin ọ̀pá lọ sí ẹ̀bá orí rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù tí a kò gbá láàrin gan-an má bàa yí ojú ọ̀pá dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì aláwọ̀ sára ọ̀pá: dúdú fún ti gbogbo ayé, àwọ̀ mìíràn fún èyí tí ó nàró ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn fún èyí tí ó rẹlẹ̀. Àmì kékeré yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù kọ́kọ́ gbọ́ pé ìwọ̀n kan wà tí ó yẹ kí wọ́n béèrè.

Kí wá ni ohun tí wọ́n ń wọ̀n? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí gígùn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń fi gíga ènìyàn pinnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni méjì lè ga bákan náà kí apá ọ̀kan gùn dé orókún. Nítorí náà ni oníwọ̀n fi máa ń ní kí o dúró ṣánṣán, kí apá rẹ sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sì wọn àyè tí ó wà láàrin ọrùn ọwọ́ rẹ àti ilẹ̀. Ìyẹn fún ọ̀pá onírin. Ti dráífà ni ìfẹ́ owó ti wọ̀. Ní ayé àtijọ́, nǹkan bí íńṣì 43 ni gígùn rẹ̀. Lónìí, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù a máa tó 45 àti ààbọ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí ó gùn ń yára, ohun tí ó yára ń lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ jíjìn ni ó sì ń tajà. Òfin gbà á títí dé 48, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2022 ni àwọn tí ń ṣètò ìdíje ńlá ti lè fi ààlà sí 46. Ohun tí wọn kò kọ sára àpótí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi eré náà jẹun, tí wọ́n ń gbá a láti òwúrọ̀ di alẹ́, ń lo èyí tí ó kúrú ju èyí tí wọ́n ń tà fún oníṣòwò tí ń gbá a ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Bí ọ̀pá bá gùn jù fún ọwọ́, bọ́ọ̀lù kò ní ba àárín ojú rẹ̀. Èyí tí kò bá sì ba àárín a máa pàdánù iyára, a sì máa yà bàrá. Ẹni tí dráífà rẹ̀ ń dà láàmú, kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ dì í ní íńṣì kan sísàlẹ̀, kí ó gbá ogún bọ́ọ̀lù wò. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì, tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ọ̀pá onírin, ni ìdagun, ìyẹn bí ṣáàfù ti dà gun sókè nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ orí ọ̀pá bá tẹ́ sórí ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ga tí ó sì yá ọkọ́ ẹni kúkúrú mọ ohun tí mo ń wí: bí kò bá fẹ́ tẹ̀ ba títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó, etí kan ọkọ́ náà ni yóò máa wọ ilẹ̀. Bí ọ̀pá bá nàró jù fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, gìgísẹ̀ orí rẹ̀ yóò kanlẹ̀, imú rẹ̀ yóò gbé sókè, ojú tí ó yẹ kí ó kọjú sí àsíá tí ń fi ihò hàn yóò sì wo apá òsì. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù yóò kọrí sí. Bí ojú ọ̀pá bá sì ti gbé sókè tó ni ìyà náà ti ń pọ̀ tó, tí ó fi jẹ́ pé wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá kúkúrú tí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí àsíá bá wà nítòsí, ni ìdagun tí kò yẹ ń bà jẹ́ jù. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe kì í mọ̀. Yóò rí i pé bọ́ọ̀lù ń lọ sósì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí èjìká rẹ̀ sọ́tùn-ún, kí oṣù mẹ́fà tó pé yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àrùn tuntun sílẹ̀ láti wo èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

A kò lè wọn ìdagun nígbà tí ènìyàn dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọ̀pá bá ń já bọ̀, ọwọ́ a máa ga ju ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ṣáàfù a sì tẹ̀ tí imú orí rẹ̀ yóò fi rẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú akàn tí ó bá kan bọ́ọ̀lù ni ìwọ̀n tòótọ́. Nítorí náà ni oníwọ̀n fi ń lẹ téèpù mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pá, tí yóò ní kí o gbá bọ́ọ̀lù lórí pátákó, tí yóò sì wo ibi tí téèpù náà ti ya. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba pátákó: kí a fi kálàmù oníyíǹkì fa ilà tí ó dúró ṣánṣán sára bọ́ọ̀lù ní ìhà tí ọ̀pá yóò ti bà á, ilà náà yóò tẹ̀ mọ́ ojú ọ̀pá, bí ó bá dúró ṣánṣán níbẹ̀, ìdagun yẹ ọ́, bí ó bá sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, o ti rí ẹjọ́ rẹ.

Bí ojú ọ̀pá ti gbé sókè tó ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bá àwọn olówò jà. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ojú wẹ́ẹ̀jì tí ó wà nínú àpò ọ̀pá onírin a máa gbé sókè ní bíi dígírì 50. Lónìí òmíràn kò ju 43 tàbí 45 lọ, tí nọ́ńbà 7 òde òní sì wá jẹ́ nọ́ńbà 5 àtijọ́ tí ó pààrọ̀ orúkọ. Ẹni tí ó bá lọ dán an wò yóò rí i pé nọ́ńbà 7 tuntun náà gbé bọ́ọ̀lù jìnnà ju tilé rẹ̀ lọ, yóò sì sanwó pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìdí kan wà níbẹ̀: irin òde òní kó ìwúwo sí ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù a sì máa gòkè jù bí wọn kò bá dín gbígbé ojú náà kù. Síbẹ̀, oníwọ̀n tí kò bá sọ fún ọ pé dígírì lo rà, pé kì í ṣe agbára, ti di òǹtajà. Ohun tí ó yẹ kí ó wò ni àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀pá kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ó má jẹ́ pé méjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà tí ibi mìíràn ṣófo.

Ti ibi ìdìmú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ìka má wọ inú àtẹ́lẹwọ́, kí ó má sì jìnnà sí i. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìdìmú tín-ín-rín ń yí bọ́ọ̀lù sósì, pé èyí tí ó tóbi ń yí i sọ́tùn-ún. Mo ti rí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún, mo sì ti rí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan fún.

Ṣáàfù ni ó mú ariwo lọ́wọ́. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ bí ó ti le tó, L fún èyí tí ó rọ̀, R àti S fún àwọn tí ó wà láàrin, X fún èyí tí ó le bí òkúta, ọkùnrin kò sì fẹ́ kí a bá L lára ọ̀pá òun, kódà bí agbára rẹ̀ kò bá ju ìyẹn lọ. Àṣírí tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí: R ti ilé iṣẹ́ kan lè le ju S ti èkejì lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń fi lẹ́tà ra ṣáàfù ń ra orúkọ lásán. Ohun tí mo rò pé ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ju líle lọ ni ìwúwo. Ṣáàfù onírin inú ọ̀pá àwọn alágbára lè wọ̀n tó gíráàmù 130, ti graphite, tí ó fúyẹ́ ju irin lọ, inú dráífà sì lè má ju 50 tàbí 60 lọ. Ẹni tí ó bá ti ń dàgbà, tí ó sì ń fi èyí tí ó wúwo jìjàkadì, ihò kejìlá ni yóò ti mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí èjìká bá kọ̀ tí bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn nílẹ̀. Ní ti ṣáàfù olówó gegere tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn akọni ìdíje polówó, èmi ò rí ìdí tí ẹni tí kì í ba àárín ojú ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá yóò fi rà á.

Ẹ̀rọ ti wá gba ipò ojú Tom Morris báyìí. Ilé iṣẹ́ TrackMan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dẹ́ńmákì ní 2003 ń fi réédà, irú èyí tí ológun fi ń tọpa ọta, tọpa bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ó bá ti kúrò nílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi kámẹ́rà ṣe é. Àǹfààní wọn kò kéré, nítorí pé wọ́n tú irọ́ tí ìwé ẹ̀kọ́ ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́: ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti ń sọ pé ipa ọ̀nà tí ọ̀pá gbà ni bọ́ọ̀lù fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, réédà sì fi hàn pé ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ń sọ iyára pẹ̀lú: orí dráífà ọkùnrin tí ń gbá ìdíje ńlá ní Amẹ́ríkà ń sáré tó bíi máìlì 115 ní wákàtí, ti obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi 94. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí wà, lórí ẹní rọ́bà, ẹní rọ́bà sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀pá tí ó kanlẹ̀ kí ó tó kan bọ́ọ̀lù yóò fò lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí koríko gidi ọ̀bẹ̀ ti dànù. Lẹ́yìn náà, ènìyàn kì í gbá bọ́ọ̀lù bí ti ojoojúmọ́ nígbà tí nọ́ńbà bá ń tàn lójú rẹ̀; agbára gbogbo ni yóò kó jáde, ọwọ́ ìgbá ọjọ́ ọdún ni wọn yóò sì wọ̀n, tí kì í ṣe ti ọjọ́ ọjà.

Ibi tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń bá ara wọn jà jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní kí ó dúró títí ọwọ́ ìgbá rẹ̀ yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé a kì í wọn ohun tí ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Apá kejì ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ, pé ẹni tí ó bá fi ọ̀pá tí kò bá a mu kọ́ eré yóò kọ́ ara rẹ̀ ní wíwọ́. Ẹjọ́ tèmi ni pé àwọn méjèèjì jàre, lórí ohun tí ó yàtọ̀. Gígùn, ìdìmú àti ìdagun jẹ mọ́ ara, ara àgbàlagbà kì í sì yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìwọ̀nyí lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ ra ọ̀pá, kí ó tún padà wá yẹ ìdagun wò bí ọwọ́ bá ti ń balẹ̀. Ṣáàfù àti dráífà jẹ mọ́ iyára, èyí tí ó lè dúró di ọdún mìíràn.

Ìbéèrè kan sì wà lábẹ́ ìyẹn: ṣé ọwọ́ ìgbá tí ènìyàn ní ni kí a wọ̀n, tàbí èyí tí olùkọ́ rẹ̀ ṣèlérí fún un? Sewsunker Sewgolum, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ti ibi iṣẹ́ kádì, ẹni tí ń bá agbágọ́ọ̀fù ru àpò ọ̀pá, dé orí pápá, ń di ọ̀pá mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì nísàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí ó lòdì sí ohun gbogbo tí ìwé kọ́ni, ó sì fi gba ife ẹ̀yẹ Dutch Open ní 1959, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Bryson DeChambeau, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì, mú kí gbogbo ọ̀pá onírin rẹ̀ gùn bákan náà, bíi íńṣì 37 àti ààbọ̀, kí ó lè máa dúró bákan náà sí gbogbo wọn, ó sì gba US Open pẹ̀lú wọn ní 2020. Kò sí bí a ti lè ṣe ifá kí ó má hùwà èkùrọ́. Ọwọ́ tí ó wà lára ẹni ni kí a wọ̀n. Èyí tí kò tíì dé, bí ó bá dé, a óò tún wọ̀n ọ́n.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní Èkó. 1938 ni wọ́n ti dá Ikoyi Club sílẹ̀, Ìbàdàn náà sì ní pápá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpò ọ̀pá tí ń bẹ lọ́wọ́ wa jẹ́ tòkunbọ̀, tí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí wọ́n sì ti wọ̀n mọ́ òyìnbó kan tí a kò mọ̀ rí. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni da tirẹ̀ nù, nítorí pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wíwọ̀n ni ó tún dín lówó jù. Ọ̀pá onírin, pàápàá èyí tí wọ́n rọ, ṣe é tẹ̀ ní dígírì kan tàbí méjì lórí ẹ̀rọ tí ń di orí irin mú. Rọ́bà ìdìmú ṣe é pààrọ̀ níṣẹ́jú díẹ̀, nínú ooru àti òógùn Èkó, èyí tí wọ́n hun okùn mọ́ ni ó sì ń di ọwọ́ mú jù. Ṣáàfù ṣe é gé. Ṣùgbọ́n kí bàbá má ṣe gé ọ̀pá ara rẹ̀ sí ààbọ̀ fún ọmọ ọdún méje: bí ṣáàfù bá ti ń kúrú ni ó ń le sí i, orí tí ó wúwo fún àgbàlagbà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọmọ náà yóò máa fi gbogbo ara fà á bí ẹni ń fa ìgànná. Ẹ̀tàn mìíràn ni ti àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọbìnrin wa, tí ṣọ́ọ̀bù a máa nawọ́ ọ̀pá kúkúrú olómi wúrà sí, ìbáà jẹ́ pé obìnrin náà ga ju ọkọ rẹ̀ lọ tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù jù ú lọ.

Kí òǹrajà tó dúró níwájú oníwọ̀n, kí ó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni oníwọ̀n náà ń bá tà tàbí púpọ̀, bóyá yóò wọ̀n ọ́n níta lórí koríko, àti bóyá owó ìwọ̀n náà dúró lọ́tọ̀ tàbí ó di dandan kí ó ra nǹkan kí wọ́n tó fojú fò ó. Kí ó gbé àpò rẹ̀ àtijọ́ dání, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ti ọ̀pá àtijọ́ wé mẹ́wàá ti tuntun lójú kan náà, kí ó má sì wo èyí tí ó jìnnà jù nínú wọn bí kò ṣe bí gbogbo wọn ti balẹ̀ súnmọ́ ara wọn tó. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ó sanwó ìwọ̀n, kí ó dúpẹ́, kí ó ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ rọ́bà ìdìmú, kí ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sílé.